Bí Àwọ̀ Mẹ́ta Ṣe Di Ọ̀kan ní Kwali

Òórùn eruku tó ń gbóná lórí irin ló kọ́kọ́ pàdé mi nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Kwali. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, eruku sì ti bo gbogbo nǹkan, títí kan purojẹ́tọ̀ àlòkù tí hòtẹ́ẹ̀lì kan nínú Àbújá fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Ojú gíláàsì mẹ́ta tó tóbi bí àwo ọbẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀: ọ̀kan ń tan iná pupa, èkejì àwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta àwọ̀ aró. Àfi kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lójú kan náà lórí ògiri kí àwòrán tó lè jáde dáadáa. Tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ni mo ń tún ṣe ní Jikwoyi láyé ìgbà yẹn. Mi ò tíì fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ará Ìlọrin, ló ránṣẹ́ pè mí. Tíṣà kan ṣoṣo tó mọ èdè ọwọ́ dáadáa níbẹ̀ ti lọ sílé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ, kò sì ní padà fún táàmù kan gbáko. Kó tó lọ, ó jókòó síwájú kámẹ́rà, ó fi ọwọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ táàmù náà sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Tẹlifíṣọ̀n wọn kéré jù fún gbogbo àwọn ọmọ náà.

Ìyá ní, "Ọmọ mi, bí wọn ò bá rí ìka rẹ̀, wọn ò gbọ́ nǹkan kan nìyẹn. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wọlé." Ọjọ́bọ̀ la wà.

Mo ní, "Wọ́n á rí i, mà." Ẹnu mi ló yá jù mí lọ.

A fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àwọn fèrèsé. Mo tan ẹ̀rọ, mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú fídíò. Tíṣà yọ lórí ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan: pupa márùn-ún, àwọ̀ ewé márùn-ún, àwọ̀ aró márùn-ún. Mo pa fídíò, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ilà jáde, ilà ìbú àti òró bíi ti àwọ̀n ẹja. Mo fi aṣọ dúdú bo ojú méjì, mo sì tún àwọ̀ ewé ṣe títí ó fi gún. Mo wá ṣí pupa, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gun orí àwọ̀ ewé, tí ilà méjèèjì di yẹ́lò. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ti aró, kí gbogbo rẹ̀ lè di funfun.

Láti ìdí ẹ̀rọ, mi ò lè rí ìyàtọ̀ tó tín-ín-rín bí òwú. Káfíńtà ilé ẹ̀kọ́, ará Ọ̀yọ́ kan tí òun náà jẹ́ adití, ló dúró létí ògiri bá mi wò ó. Ó máa ń na ọwọ́ sínú iná: bó bá fì í sí ọ̀tún, èmi náà á yí i sí ọ̀tún, bó bá di ẹ̀ṣẹ́, màá dúró. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ilà ti funfun báláú. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, pupa ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Inú bí mi débi pé mo jáde lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ló ti yé mi: ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì tutù ni mo ti ń tún un ṣe, bó sì ṣe ń gbóná ni àwòrán ń rìn. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo jẹ́ kó gbóná dáadáa kí n tó fọwọ́ kàn án. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo tún dúró kó gbóná. Nírọ̀lẹ́, àárín ògiri ti mọ́ rekete, igun rẹ̀ nìkan ni àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tíì bára mu.

Awakọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tó wá wò wá sọ fún mi pé, "Kai, màdáámù, ó ti tó! Lọ́dọ̀ tiwa, kò dára tó báyìí rí."

Káfíńtà ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó rí i pé mo ti ń palẹ̀ mọ́. Ó gbọn orí. Ó tọ́ka sí igun ògiri, ó wá na apá rẹ̀ méjèèjì gbalaja, bí tíṣà ṣe máa ń ṣe bó bá ń sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, ọwọ́ tíṣà á dé igun yẹn. Mo tú irinṣẹ́ mi sílẹ̀ padà.

Ní Sátidé, a fi bóòtù irin de ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kí ẹni tó ń gbálẹ̀ má bàa sún un. Ilà pupa tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì kọ̀ jálẹ̀. Mo pa iná, mo dúró pẹ́ nítorí ẹ̀rù agbára iná tó wà nínú rẹ̀ ń bà mí, mo wá dẹ òrùka tó wà lọ́rùn túùbù pupa, gíláàsì inú ẹ̀rọ tó ń tan iná pupa, mo yí i díẹ̀ báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀keje, káfíńtà di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, ó gbé wọn sókè.

Lọ́jọ́ Ajé, tíṣà yọ lórí ògiri, ìka márùn-ún péré lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó kí wọn. Gbogbo ọwọ́ inú gbọ̀ngàn náà gbéra, wọ́n dáhùn láìsí ariwo kankan, ìyá sì ń nu awò ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan béèrè nǹkan lọ́wọ́ tíṣà. Ògiri ò lè dáhùn. Káfíńtà bọ́ síwájú, ó sì fi ọwọ́ ṣàlàyé fún un. Láti ọjọ́ yẹn títí táàmù náà fi parí, ìyá ò jẹ́ kó padà sídìí pákó láàárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ló ń dúró sí, tó ń dáhùn ìbéèrè wọn.

Ní tèmi, kí n tó dé ibẹ̀, bí iṣẹ́ bá ti tẹ́ mi lọ́rùn, ó ti parí nìyẹn. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó máa lò ó ni mo máa ń pè kó wá wò ó, màá sì dúró ti irinṣẹ́ mi títí yóò fi ní ó tọ́.