Tọ́ Ọ Wò Kí N Tó Mu

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí Àjíbíkẹ́ jẹ́, nítorí pé gbogbo àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ ní Ibafo, orí ọ̀ràn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ èyí tí mo ti ń dirun, mo sì fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló ń rán jù. Bó bá rán ṣòkòtò fún ọmọ rẹ, yóò ṣẹ́ aṣọ díẹ̀ sínú ẹsẹ̀ rẹ̀ kí o lè tú u nígbà tí ọmọ bá ga. Ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí o bá ní kó rán nǹkan lọ́nà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ká aṣọ rẹ, yóò dá a padà fún ọ, yóò ní ó dàbọ̀.

Ọmọ Ìwó ni. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, ìyá yẹn ló sì kọ́ ọ pé ẹni tó bá gbé omi fún àgbà gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kó sì kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ kó tó gbé ife lé e lọ́wọ́. Kí àgbà lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú omi ni àwọn ará àtijọ́ ṣe ń ṣe é. Láyé tiwa yìí, ta ló tún rántí? Hikmah ọmọ tèmi, bí mo bá ní kó fún mi lómi, yóò ju píọ̀wọ́tà sí mi láti ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òfin ni nílé Àjíbíkẹ́. Máyọ̀kún, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti mọ̀ ọ́n ṣe kó tó mọ ABD. Mo máa ń fi Àjíbíkẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ta ló fẹ́ pa ọ́? Àbí o ti joyè tí n kò gbọ́ ni?" Á ní, "Ìyá Hikmah, ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀kọ́ ilé ni."

Sàhéèdì ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni. Àwọn méjèèjì ni wọ́n kọ́ ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, wọn ò tíì rẹ́ ẹ tán tí ọkọ fi kú. Máyọ̀kún ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà. Mo ní kí Àjíbíkẹ́ fẹ́ ọkọ mìíràn, ó ní ọmọ òun ti tó òun. Ọmọ náà parí ìwé, ó rí iṣẹ́ sí Èkó, ó lọ gba yàrá ní Arepo pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ládi, ọmọ Ìfọ̀.

Arepo kò jìnnà sí Ibafo, ẹ̀yin náà mọ̀. Síbẹ̀, oṣù yóò wọlé, oṣù yóò jáde, Àjíbíkẹ́ kò ní fojú kan ọmọ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń ṣe mí láàánú jù. Yóò se oúnjẹ ẹni méjì, yóò jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, yóò máa wo ọ̀nà. Bí ọ̀kadà bá ti yà wọ àdúgbò, yóò gbójú sókè. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, yóò pè mí pé kí n wá jẹ ti ọmọ.

Nígbà tí Máyọ̀kún wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ọ̀rọ̀ ilé ló bá wá. Ó fẹ́ lọ sí òkè òkun, ó ní kí ìyá òun ta ilé. Àjíbíkẹ́ ní, "Kí n wá lọ máa gbé ibo? Ọwọ́ bàbá ẹ ló kan pákó òrùlé yìí." Ọmọ náà kò pariwo, kò sì janpata. Ohun tí n kò fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó bá ń pariwo, èèyàn á mọ ibi tó dúró sí.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, ó tẹ ìyá rẹ̀ láago pé òun ń bọ̀ wá bá a ṣínu. Ẹ wo Àjíbíkẹ́ lọ́jọ́ náà! Ọ̀sán ni ó ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ó se ẹ̀wà, ó dín dòdò, torí pé kò sí oúnjẹ tí Máyọ̀kún fẹ́ràn tó o. Nígbà tí ládàánì pe ìrun, mo gbé àkàrà díẹ̀ kí n fi kún ìṣínu wọn. Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ni mo wà tí mo rí Máyọ̀kún lórí ẹní, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé ife sóbò kan fún ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe sóbò náà wá láti Arepo, ó ní òun fi atalẹ̀ sí i dáadáa. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kò tọ́ ọ wò.

Àjíbíkẹ́ kò gba ife. Ó rẹ́rìn-ín. "Máyọ̀kún, Arepo ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ ẹ. Tọ́ ọ wò kí n tó mu."

"Mummy, ẹ máa mu ún. Ọ̀fun ń dùn mí."

"Ọ̀fun tó ń dunni náà ló ń fẹ́ atalẹ̀. Tọ́ ọ wò jàre."

Ẹ gbà mí gbọ́, kò fura. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń bá ọmọ ṣeré ni. Ọmọ wo ife, ó wo ìyá rẹ̀. Ó wá gbé ife lọ sẹ́nu, kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ tọ́ nǹkan wò, bí ẹni tó fẹ́ mu ún tán ni. Ojú tó fi gbé e ni Àjíbíkẹ́ rí. Ó fọwọ́ gbá ife náà, ife fò lọ bá ògiri, ó fọ́. Sóbò ṣàn sórí ẹní, òórùn oògùn kòkòrò sì gba pálọ̀ kan.

Máyọ̀kún dojú bolẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pe "Mummy, Mummy." Ọmọ bá dìde, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, àkàrà ọwọ́ mi dà sílẹ̀. Fóònù rẹ̀ ló kù sórí ẹní. Kò pẹ́ tí fóònù náà fi dún, orúkọ Ládi ló yọ lójú rẹ̀. Àjíbíkẹ́ gbé e sí sípíkà, kò sọ̀rọ̀.

"Gáì, ṣé ó ti mu ún?" Báyìí ni ohùn yẹn wí. "Tó bá ti mu ún, jáde níbẹ̀ kíá. Tèmi ló kàn. Mo ti sọ fún màmá mi pé mò ń bọ̀ ní Ìfọ̀ lọ́la."

Ìbíwùnmí ni ìyá Ládi. Opó ni bíi Àjíbíkẹ́, ilé kan ṣoṣo ni òun náà ní. Àṣé ńṣe ni àwọn ọmọ méjèèjì pín ìyá láàárín ara wọn, bí ẹni ń pín ẹran. Mo ń sọ ọ́ yìí, ara mi ṣì ń bù máṣọ.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ gbé Àjíbíkẹ́ sí. Bó bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ bọ́. Ife fọ́, kò sẹ́ni tó kú, èmi nìkan ni mo rí i, n kò sì ní sọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀la yóò mọ́ bá ìyá kan ní Ìfọ̀. Ó ní nọ́ńbà Ìbíwùnmí lọ́wọ́ torí pé ó ti ránṣọ fún un rí. Ó pè é, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ìbíwùnmí ní, "Ládi tèmi? Ẹ lọ bá ọmọ yín wí, ẹ má bà mí lọ́mọ jẹ́." Ó pa fóònù.

Àjíbíkẹ́ fi gèlè wé ike tí ìyókù sóbò Máyọ̀kún wà nínú rẹ̀, ó gbé e, ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo bá a lọ. Kò sunkún lójú ọ̀nà, èmi ni mò ń sunkún.

Wọ́n mú Máyọ̀kún ní gáréèjì Mowe. Wọ́n mú Ládi ní ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ike sóbò tirẹ̀ nínú báàgì. Ẹ̀yin yóò rò pé Ìbíwùnmí wá dúpẹ́. Ó wá lóòótọ́, ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń pariwo pé Àjíbíkẹ́ ló sọ ọmọ òun di ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà àsáláátù rẹ̀ náà kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ì bá fẹ́ kó dákẹ́ títí tí wọ́n á fi sin ìyá ẹlòmíràn ni. Inú bí wọn. Yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n ń gbé wá tẹ́lẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ sí ibòmíràn báyìí. Ọjọ́ Àìkú wá di ọjọ́ tí Àjíbíkẹ́ ń ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Kò pè mí mọ́ pé kí n wá jẹ ti ọmọ. Bóyá ó rò pé mò ń bẹ̀rù oúnjẹ ilé rẹ̀.

Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù, wọ́n ń sún un síwájú, Máyọ̀kún wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n l'Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀ kì í yéé lọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé ẹ̀wà àti dòdò lọ, wọ́dà tó wà lẹ́nu géètì ní, "Màmá, ẹ tọ́ ọ wò níwájú mi." Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí gbogbo àlejò tó bá gbé oúnjẹ wá nìyẹn. Àjíbíkẹ́ wò mí, ó rẹ́rìn-ín kan báyìí tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi. Ó mú ṣíbí, ó jẹ ẹ̀wà, ó jẹ dòdò. Wọ́n gbé e wọlé, ṣùgbọ́n Máyọ̀kún ní òun kò lè jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà kejì àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá yóò tọ́ oúnjẹ wò lẹ́nu géètì, yóò gba abọ́ òfìfo, a ó padà.

Lóṣù tó kọjá, Máyọ̀kún jáde wá bá wa. Ó ti rù. Oòrùn mú gan-an, òógùn bo ìyá rẹ̀ lójú. Ike omi kan wà nínú báàgì oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ gbé wá. Máyọ̀kún yọ ọ́, ó ṣí i, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Ó mu díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e mì kí a rí i, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ẹ mu omi, Mummy."

Àjíbíkẹ́ gbà á. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi." Ó dì í mú títí tí àkókò wa fi pé. Ó fẹ́ mu ún, mo mọ̀ pé ó fẹ́ mu ún, mo rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbé e sókè tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nínú mọ́tò, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òǹgbẹ kò gbẹ òun. A gba Ọ̀fàdà wá. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ ní Mowe, ó pe ọmọ tó ń kiri píọ̀wọ́tà, ó fi eyín já a, ó mu ún tán láìmí. Ike omi ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, èyí tí Máyọ̀kún mu nìkan ló dín nínú rẹ̀.