Orúkọ Tí Ìyá Mi Fi Ń Sunkún

Bí òórùn atalẹ̀ tí a fi oyin sè bá ti gba ilé kan láàárọ̀, mo ti mọ̀ pé ìyá mi kò ní sí nílé lálẹ́. Ohùn ló ń tún ṣe. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa ní Ifangni, á máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Èmi á máa gbá ibi tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kó ṣáà lè bá mi wí. Kò jẹ́ bá mi wí. Ó ń pa ohùn mọ́ de àwọn ará Àjàṣẹ́.

Eléré orí ìtàgé ni ìyá mi, eré olórin, èyí tí wọ́n ń kọ ju bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Maître, kọ eré kan nípa obìnrin tó fi ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná sílé, tó lọ sọ́jà Igolo, tó sì dé bá òkú ọmọ náà. Ìyá mi ló ń ṣe ìyá ọmọ náà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń fi dánra wò, omi kò bọ́ lójú rẹ̀ rárá. Orúkọ tí Maître fún ọmọ inú eré kò ta á lára. Ni Maître bá ní, "Bon, Madame, ẹ pe ẹni tó súnmọ́ yín, ká wò ó." Ìyá mi pa ojú dé, ó pe Àdùkẹ́.

Èmi ni Àdùkẹ́. Odette ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé, tí mo ń dáhùn "Présente!", ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ ni oríkì tí ìyá mi fún mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n pè tí orí mi fi ń wú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà nílùú wa, èmi àti àwọn ọmọdé yòókù wà lórí ẹní níwájú. Ìyá mi wólẹ̀, ó tú gèlè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárò: Àdùkẹ́ mi lọ, Àdùkẹ́ mi kò dúró jẹun alẹ́. Àwọn obìnrin ń sunkún, àwọn ọkùnrin ń fọn imú. Èmi ń fọwọ́ kan àyà mi, mo ń wò ó bóyá ó ṣì ń lù.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, kò dúró kí eré parí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló wá bá a. "Ọmọ alààyè lo gbé sílẹ̀, tí o ń sunkún òkú lé lórí? Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ! O ti fà á lé ikú lọ́wọ́." Ìyá mi ní bí òun bá pààrọ̀ orúkọ náà, ẹkún kò ní wá. Ìyá àgbà ní, "Tóò. Bí o kò bá ní fi eré sílẹ̀, má fi pè é nílé mọ́. Orúkọ tí a fi sunkún òkú, a kì í fi jí alààyè." Ìyá mi gbà. Bí mo ṣe di Odette nínú ilé nìyẹn.

Eré náà gbé e dé Tchaada, dé Ko-Koumolou, dé Àjàṣẹ́, dé Kùtọnu. Bí wọ́n bá bi í bó ṣe ń sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣi orin kọ, á ní, "Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran." Wọ́n gba orin náà sí kásẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá ń kọjá ní gáréèjì, n ó gbọ́ tí ìyá mi ń pè mí nínú ọkọ̀ àwọn awakọ̀, n kò sì lè jẹ́ ẹ. Ní kíláàsì, wọ́n á ní, "Òkú ti dé!" Lọ́jọ́ kan ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo rò pé àyè nìyẹn. Mo ní, "Màmá, ẹ pè mí ní Àdùkẹ́, lẹ́ẹ̀kan péré." Ó fi aṣọ tútù lé mi lórí. "Orúkọ yẹn wà lẹ́nu iṣẹ́, Odette. Sùn." Ó dùn mí ju ibà lọ. Lónìí, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Nígbà náà, mo rò pé ó fẹ́ràn àwọn ará Kùtọnu jù mí lọ ni.

Nígbà tó yá, fídíò dé, wọn ò wá wo eré orí ìtàgé mọ́. Ó gbìyànjú eré mìíràn, eré ẹ̀rín, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran Daagbé pariwo pé, "A ò fẹ́! Àdùkẹ́ la fẹ́!" Ó kọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ohùn tó ti há. Maître kú, ẹgbẹ́ tú ká. Ìyá mi wá ń ta gàrí níwájú ilé, àwọn tó ń kọjá sì ń kí i ní Ìyá Àdùkẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, nílùú yìí kan náà. Ìyá mi ti darúgbó, iyè rẹ̀ ti ra, kò mọ̀ mí mọ́. Madame ló ń pè mí. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, bí omi ṣe kàn án léjìká, ó pariwo: "Àdùkẹ́! Àdùkẹ́ mi!" Kànìnkànìn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Màmá, èmi rèé!" Ó wò mí tàánú-tàánú. Ó ní, "Rárá o, Madame. Àdùkẹ́ tèmi kú ní kékeré. Ọjà ni mo lọ." Omijé gidi ló ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ti di ojoojúmọ́ báyìí. Ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá bú sẹ́kún, ì bá ní kí wọ́n dá orúkọ òun padà. Èmi àgbà kò jiyàn mọ́. Mo ń nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń fi ìpara pa á, mo sì ń kí i bí a ṣe ń kí ìyá tó pàdánù ọmọ: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Àdùkẹ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Á ní, "Àmín." Nígbà mìíràn á di ọwọ́ mi mú, á bi mí bóyá mo mọ ọmọ náà. Mo máa ń ní mo mọ̀ ọ́n díẹ̀.