Fọ́tò Tí Àna Mi Wá Mi Tì Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí fọ́tò kan fi ojú mi rí ní Zaria nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo ti gbà!

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà ní Sabon Gari. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tí mo kọ sí bàbá Ràlíátù ní Ìlọrin, nítorí pé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, kò sí ẹni tó tó mi ní gbogbo Zaria! Bàbá ò rí mi rí. Wọ́n ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́, kí àwọn mọ ẹni tí àwọn fẹ́ fọmọ fún.

Kí n lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò? Èmi kẹ̀? Iwájú ẹnubodè ààfin ọba Zaria ni mo mú onífọ́tò lọ, Bọ̀ọ̀dá Rájí, ará Ọ̀yọ́.

Wọ́n ní, "Jímọ̀, fúùlù ni àbí háàfù?"

Háàfù ò ju àyà lọ, fúùlù ló ń dé ẹsẹ̀. Mo ní, "Fúùlù ni o! Kí ẹnubodè náà jẹ́ fúùlù. Ẹ má gé ọnà kankan lára ẹ̀."

"Haba, Jímọ̀! Ibí yìí ga o. Ìwọ ńkọ́?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣáà yà á."

Wọ́n fẹ̀yìn rìn títí wọ́n fi sọdá títì. Mo tún ní kí wọ́n sún sẹ́yìn! Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo wú nínú agbádá. Bàbá ẹlẹ́ṣin kan láti ààfin ń kọjá níwájú kámẹ́rà, mo ní kí wọ́n yà á mọ́ mi, pé yóò buyì kún mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́, èsì dé láti Ìlọrin. Bàbá ní ẹnubodè yẹn dára. Ẹṣin náà dára. Ṣùgbọ́n àwọn ò ní fọmọ fún arúgbó onírùngbọ̀n funfun láéláé!

Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Ọjọ́ kejì ni mo wọ mọ́tò lọ Ìlọrin, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fi ara mi hàn wọ́n nínú fọ́tò náà.

Bàbá gbé e súnmọ́ ojú. "Ṣé ìwọ nìyí? A ní ewúrẹ́ ni." Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "O tilẹ̀ ga ju fọ́tò rẹ lọ. Ẹ pe Ràlíátù wá."

Bí ẹ bá fẹ́ kí àna rí yín, ẹ súnmọ́ kámẹ́rà, kí ẹ fi ààfin sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Fọ́tò wo ló ti dójú tì yín rí? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan o!