Obìnrin Tí A Gbà Lọ́wọ́ Ara Wa

Òórùn bisikíìtì tí wọ́n ń yan lọ́wọ́ ló máa ń kí èèyàn káàárọ̀ ní Ilo-Awela ní Ọ̀tà nígbà tí mo wà níbẹ̀. Tó bá wá di ọ̀sán, tí afẹ́fẹ́ yí padà, òórùn ike tí wọ́n ń yọ́ á gba ipò rẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni títí èèyàn á fi délé. Ìwọ tí o ti gbé àdúgbò ilé-iṣẹ́ rí, o mọ ohun tí mò ń sọ. Yàrá kan nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wa. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ló dá a sílẹ̀ nítorí àwọn àlejò tó ń wọ ìlú: àwọn tó ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wá ṣiṣẹ́, àti àwọn tó sọdá bọ́dà láti Kùtọnu àti Togo, tí wọn ò gbọ́ Yorùbá, tí wọn ò sì mọ ẹnì kankan. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn obìnrin inú wọn ní aṣọ rírán. Èmi náà ni mo máa ń jókòó nídìí tábìlì tó kọjú sí títì, kí n lè tètè rí ẹni tó bá dúró tó ń wo pátákó wa, tí kò sì lè kà á.

Kì í ṣe àwa nìkan là ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n a ń ṣe é bí ẹni pé àwa nìkan ló wà láyé. Áfáà kan wà ní mọ́ṣáláṣí tí kò jìnnà sí bíríìjì Sango, tó máa ń wá ibi tí wọn yóò sùn fún àwọn tí kò nílé. Mátírọ́ọ̀nù kan ń gbẹ̀bí àwọn àlejò nílé ìwòsàn kékeré kan ní Alapoti. Ní Igbesa, bàbá káfíńtà kan tó jẹ́ ọmọ Togo ni olórí àwọn ará ìlú rẹ̀, òun ló ń bá wọn dúró níwájú onílé àti níwájú ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá kọjá agbára wa, a ó kàn ní, "Ẹ lọ sí Alapoti," tàbí, "Ẹ béèrè mọ́ṣáláṣí lẹ́bàá bíríìjì." Ẹni náà á dìde, á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, á lọ. Bóyá ó débẹ̀, bóyá ó ṣìnà, a kì í mọ̀. Tó bá sì débẹ̀, àjèjì mìíràn ló tún kàn tí yóò ro ìnira rẹ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mátírọ́ọ̀nù yẹn ló kó wa jọ. Obìnrin gíga ni, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹnì kan wá bímọ lọ́dọ̀ òun tó ti kan ilẹ̀kùn gbogbo wa kó tó dé ọ̀dọ̀ òun, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ débi pé orúkọ ara rẹ̀ gan-an kò wù ú sọ mọ́. "Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan nínú wa, ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa," ó ní. "Kí a má kàn júwe ọ̀nà fún èèyàn mọ́. Kí a pe ẹni tó kàn, kí a sì rí i pé ẹni yẹn gbà á." Màmá tó jẹ́ olórí wa kò kọ́kọ́ gbà. Ó ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ìjọ yóò sọ tí wọ́n bá gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí jọ ń ṣe nǹkan. Ohun tó ń kọ Áfáà lóminú yàtọ̀. "Mà, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wà nínú ìṣòro bá sọ fún mi, àmáánà ni, ó fi í pa mọ́ sí mi lọ́wọ́ ni. Mi ò lè máa pín in kiri lórí Wáàsáàpù." Òótọ́ ló sọ. Ibẹ̀ la ti fẹnu kò pé a ò ní gbé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹni náà gbà, àti pé ìwọ̀nba tí ẹni tó kàn nílò láti fi ràn án lọ́wọ́ la ó sọ. Nígbà tí mo ń lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, mo rò ó lọ́kàn mi pé àdéhùn náà kò ní pẹ́ tú ká.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Omi ṣì dúró lójú títì nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ kan yà sí iwájú wa, tó bọ́ sílẹ̀, tó sì di obìnrin kan lápá mú sọ̀kalẹ̀. Oyún obìnrin náà ti tóbi. Ó gbá báàgì kan mọ́ra bí ẹni pé ọmọ ni.

"Àǹtí, abẹ́ bíríìjì ni mo ti rí i," oníkẹ̀kẹ́ náà ní. "Ó kàn ń wí pé Igbesa, Igbesa. Mo bá a sọ Yorùbá, mo bá a sọ pidgin, kò gbọ́. Ọkàn mi ò gbà kí n fi í sílẹ̀ síbẹ̀."

Mo fún un lómi. Ó gbé e dání, kò mu ún. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ iwájú orí rẹ̀, ó sì ń ṣẹ́jú bí ẹni tí èéfín wọ̀ lójú. Nígbà tí mo bá a bọ́ bàtà, mo rí i pé okùn bàtà náà ti wọnú ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ọ̀hún ti wú tó. Mo pe mátírọ́ọ̀nù. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé ojú rẹ̀ ń ṣú?"

"Mà, a ò gbọ́ èdè ara wa."

"Tètè wá ẹni tó máa gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló jọ létí mi. Ó lè pa òun àti ọmọ."

Mo pe bàbá káfíńtà, torí Igbesa ni obìnrin náà ń dárúkọ. Mò ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó fi ń rẹ́ pákó títí ó fi pa á. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo ṣí ohùn rẹ̀ sókè, bàbá náà sì kí obìnrin yẹn ní èdè wọn.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí mo rí lójú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan tan iná sínú ilé tí a ti rò pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú, ó tẹ̀ mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, omijé ń kán sórí tábìlì. Oníkẹ̀kẹ́ tó ti ní òun ń lọ kò lè lọ mọ́. Bàbá náà jẹ́ kó sọ tán, ó bi í bóyá kí òun sọ ọ́ fún wa, lẹ́yìn tó gbà ni ó tó túmọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń bá àwọn tó ń kan òrùlé ilé-iṣẹ́ tuntun ṣiṣẹ́ ní Igbesa. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí fóònù rẹ̀ kò ti lọ mọ́, kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀, ni ìyàwó bá dìde tó ń wá a bọ̀. Láti ìgbà tó ti kọjá bọ́dà ni orí ti ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú.

"Ẹ gbé e lọ," bàbá náà ní. "Ẹ sọ fún un pé mo ń lọ wá ọkọ rẹ̀." Ni ó bá rántí. "Ah, mo ti sọ fún un fúnra mi."

Mo pe Áfáà, ó fi mọ́tò mọ́ṣáláṣí ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń gbé òkú lọ sí itẹ́, ó sì bá a wá. Nígbà tí Màmá wa rí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó kígbe, "Áfáà, ṣé èyí lẹ gbé wá fún aboyún?" Áfáà ní, "Màmá, ó ń sáré dáadáa, gbogbo èèyàn ló sì máa ń yà fún un." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Tírélà tí kì í yà fún ọba yà fún wa lọ́jọ́ yẹn. Mátírọ́ọ̀nù ti ní kí a má wulẹ̀ gbé e wá sí Alapoti, kí a kọjá tààrà sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ọ̀tà, òun ń bọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a wọ géètì, àwọn nọ́ọ̀sì ti dúró ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Mátírọ́ọ̀nù ti pè wọ́n, wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi obìnrin yẹn ní ìbéèrè kan tí kò lè dáhùn.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, àti pé a nílò ẹ̀jẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí Wáàsáàpù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán ní mọ́ṣáláṣí. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí omi àlùwàlá kò tíì gbẹ tán lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa náà dé, oníkẹ̀kẹ́ ti àárọ̀ yẹn ló ń kó wọn, ìrìn kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n ń dúró kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ta ni yóò bá ti obìnrin náà mu. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó rí i rí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ń ṣe mí bí ìgbà tí èèyàn wọ ibi mímọ́ láìmọ̀.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, bàbá káfíńtà ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó wà lẹ́yìn ọ̀kadà, ó ń gba ọ̀nà inú igbó láti géètì ilé-iṣẹ́ kan dé òmíràn. Ọlọ́kadà kan ló rántí pé òun gbé ọkùnrin kan tó já bọ́ láti orí òrùlé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ní abúlé kan lẹ́yìn Igbesa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a, wọ́n ti di igi mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, fóònù rẹ̀ ti fọ́ níbi tó ti ṣubú. Wọ́n ní nígbà tó gbọ́ pé ìyàwó òun wà ní Ọ̀tà, ó kọ́kọ́ bínú, ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ọmọ jáde, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. "Ìyá rẹ̀ wà láàyè," nọ́ọ̀sì ní. "Bàbá ọmọ dà?" Ohùn kan dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, "Ó ń bọ̀! Ẹ ní sùúrù, ó ń bọ̀!" Bàbá káfíńtà ni. Ọkọ obìnrin náà fi ara tì í, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ kúsọ́ kúsọ́, èèyàn ń yà fún un. Kò nawọ́ gba ọmọ. Ó kàn tẹ orí sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn tí ojú ìyàwó náà ti là dáadáa, a lọ kí i. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ̀rọ̀ fún bàbá káfíńtà.

"Ó ń béèrè pé ta ni ọ̀gá yín," bàbá náà ní. "Ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Màmá wa nawọ́ sí mátírọ́ọ̀nù. Mátírọ́ọ̀nù nawọ́ sí Áfáà. Áfáà nawọ́ sí bàbá káfíńtà, bàbá káfíńtà sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń nawọ́ sí ojú fèrèsé, níbi tí kẹ̀kẹ́ ọjọ́ yẹn dúró sí nísàlẹ̀. Obìnrin náà wo gbogbo ọwọ́ yẹn. Nígbà tó yé e, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àwọn mìíràn bẹ̀ wá kí a gbà wọ́n mọ́ra lẹ́yìn ìgbà náà: àwọn lọ́yà kan, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan, ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa. Mo ti kúrò ní Ọ̀tà báyìí, ẹlòmíràn ló ń jókòó níbi tí mo máa ń jókòó, mo sì gbọ́ pé wọ́n ti tàn kálẹ̀ ju bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé tí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀, ẹni ńlá kan ló wà nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wa la jẹ́ ẹni kékeré, kò sí ẹni tí ohun tó ṣe tó láti gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là. Síbẹ̀ ẹ̀mí méjì là. Ohun tó tóbi jù tí mo tíì rí láyé mi, èmi náà wà nínú rẹ̀, mi ò sì lè nawọ́ sí i pé òun rèé. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí títí di òní, irú ẹ̀rù tó máa ń dùn mọ́ èèyàn nínú.