Ọ̀rọ̀ Tí Sàjídà Ní Kí Wọ́n Pa Rẹ́

Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò ní èbúté Básírà nílẹ̀ Ìráàkì ni Sàjídà ń tọ́jú. Nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà kan ń jẹ́ ọ̀gá, àwọn tó ń tẹ̀ lé e ń jẹ́ ẹrú. Sàjídà ní kí wọ́n yí àwọn orúkọ náà padà.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ lásán ló ń dùn ẹ́ báyìí?" Bàbá Láítì tó kọ ètò náà bi í.

"Bàbá Láítì, tí ẹ bá pe 'ẹrú' ládùúgbò wa, àwa adúláwọ̀ tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa wá síbí lẹ́rú ni wọ́n máa nawọ́ sí."

Àgbà náà gbà. "Ó dáa. Àmọ́ tí iṣẹ́ èbúté bá dúró, ìwọ lo máa bẹ àwọn awakọ̀ òkun o!"

Sàjídà kọ ètò kékeré tí yóò yí ọ̀rọ̀ náà padà níbi gbogbo, tí yóò sì dá ti àtijọ́ padà fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmì pupa yọ lójú kọ̀ǹpútà pé nǹkan ti bàjẹ́. Lójú ẹsẹ̀, ohun gbogbo padà sípò.

"Áà, èmi ni mo fi 'ẹrú' kan pamọ́ síbí tí ètò rẹ kò rí i!" Bàbá Láítì tún un ṣe. Wọ́n tún tẹ bọ́tìnnì náà, àmì pupa kò yọ mọ́.

"Alihamudulilahi! Bu tíì wá, ọ̀fun mi ti gbẹ!" Bàbá Láítì ké.

Sàjídà rẹ́rìn-ín, ó mí kanlẹ̀. Òní ni yóò kọ́kọ́ ka iṣẹ́ rẹ̀ láìrí ọ̀rọ̀ tó ń gún un lójú.