Máfiṣòfò àti Ààyè Ojú Rírán

Máfiṣòfò ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Télọ̀ ni. Aṣọ tí àwọn télọ̀ yòókù bá ti sọ pé kò lè tó, òun á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún, á sì gé e débi pé èyí tó ṣẹ́kù á tún tó ẹ̀wù ọmọdé. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́ débi tí mo fi lè sọ bẹ́ẹ̀ láì wẹ̀yìn wò, ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ ẹ náà kò sì sàn jù ú lọ.

Ṣọ́ọ̀bù wọn kò tóbi. Tábìlì tí Máfiṣòfò fi ń gé aṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá á ti rí i. Maṣíìnì ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíì. Èmi jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, mò ń rán bọ́tìnnì, mo sì ń lọ aṣọ. Máfiṣòfò kì í rán, ẹ̀gbọ́n mi kì í gé. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn sọ́nà.

Ẹni tí kò bá rán aṣọ rí lè má mọ ohun tí à ń pè ní ààyè ojú rírán. Télọ̀ kì í gé aṣọ sórí ìlà ṣọ́ọ̀kì gan-an. Á fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà, kí òwú lè rí ibi dì mú, kí aṣọ sì ṣeé tú bí ẹni tó ni ín bá sanra. Nígbà tí nǹkan ṣì dán mọ́rán láàárín wọn, ìka méjì ni Máfiṣòfò máa ń fi sílẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ pé ìbàdí aṣọ kan ti fún jù, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ìka méjì wà ńbẹ̀, ìyá ọmọ. Ṣe é bó ṣe wù ẹ́.” Mo rántí ẹ̀rín yẹn dáadáa. Ó ṣòro láti gbà pé ọkùnrin yìí kan náà ló ń rín in.

Apá òsì méjì ló ba àárín wọn jẹ́. Aṣọ kan tí kò tó ni Máfiṣòfò fẹ́ fi dá àrà, ló bá gé apá ẹ̀wù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi fi hàn án. Máfiṣòfò ní kó rán an bẹ́ẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Obìnrin tó ni aṣọ mọ̀. Obìnrin náà ń ta bàtà, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Ó gbé ẹ̀wù náà padà wá lọ́jọ́ tí èèyàn kún ṣọ́ọ̀bù, ó nà án sókè, ó bèèrè bóyá apá òsì méjì ni wọ́n fi bí òun. Máfiṣòfò wò ó, ó wo àwọn èèyàn, ó ní, “Ẹ má bínú. Ìyàwó mi ló rán an. Ọkàn ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbi iṣẹ́.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù jó aṣọ ọwọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi rán ojú tó ń rán parí, ó gé òwú rẹ̀, kò sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń retí kó tọrọ àforíjì. Ọkọ náà ń retí kó kọ́kọ́ kí òun. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe di oṣù nìyẹn, tí oṣù di ọdún, tí ọdún ń gorí ọdún. Wọn ò kúrò nílé fún ara wọn, wọn ò sì pín iṣẹ́. Èmi ló di ẹni tó ń gbọ̀rọ̀ kiri. “Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé kó mú síìpù dúdú.” Ẹ̀gbọ́n yìí wà lẹ́yìn mi, ó ń gbọ́ ketekete, àmọ́ kò ní mira àfi tí mo bá tún un sọ. “Sọ fún wọn pé dúdú ti tán.” Màá tún yíjú padà bí aṣiwèrè. Nílé, ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, títí ó fi ríṣẹ́ sí ìlú míì tó sì sá lọ. Mo ní ó sá lọ, n ò sọ pé ó kàn lọ.

Ibi tí ìkà wọn ti wọ iṣẹ́ gan-an ni ààyè ojú rírán. Máfiṣòfò kò fi ìka méjì sílẹ̀ mọ́. Tínńrín báyìí ló kù, bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tún aṣọ tí òun bá gé ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń rán an bẹ́ẹ̀, ó ń pòṣé. Bí aṣọ bá fún oníbàárà lọ́rùn, á nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé ẹni tó gé e wà lọ́hùn-ún.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni bí àdúgbò ṣe ń yìn wọ́n. Wẹ́dà tó ń jó irin ní òdìkejì títì máa ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lójoojúmọ́, gbogbo wa la máa ń gbọ́ ohun tó fà á, títí kan ẹni tó jẹ ẹran tó wà nínú ìkòkò. Tó bá di ọ̀sán, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n á ti jọ máa jẹun. Àwọn èèyàn á wá ní kí wọ́n lọ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ Máfiṣòfò àti ìyàwó rẹ̀, tí ẹnì kan ò gbọ́ ariwo wọn rí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ètè mi tán.

Ọmọ wọn wá pé òun fẹ́ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wọ́n fún: kí bàbá òun gé aṣọ ìyàwó, kí màmá òun rán an, kí àwọn méjèèjì jọ dúró wọn òun. Ó rò pé bí wọ́n bá dúró ti òun pa pọ̀, ọ̀rọ̀ á jáde lẹ́nu wọn. Àwọn méjèèjì gbà. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà wá kí wọ́n wọn òun, ẹ̀gbọ́n mi gba ọjà lọ láàárọ̀, kò dé títí Máfiṣòfò fi wọn ọmọ tán. Ọmọ náà dúró dè é. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ó fà á lọ síbi fèrèsé ẹ̀yìn, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọmọ náà sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Sáténì funfun ni aṣọ náà. N ò ní purọ́, wọ́n rán an dáadáa. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì sí ìgbéyàwó ni ọmọ dé láti wọ̀ ọ́ wò, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ̀ ọ́, mo sì ń fa síìpù. Síìpù dé ìbàdí, ó dúró. Mo fà á títí, kò lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ikùn ọmọ náà dáadáa.

Máfiṣòfò bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí n tú ojú rírán. Mo yí aṣọ náà padà, mo fi hàn án. Kò sí nǹkan kan tí a lè tú níbẹ̀. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, fún ọmọ tó bí.

“Mo sọ fún yín, Màmá,” ni ọmọ náà wí. “Mo ní mo ti lóyún. Mo ní kẹ́ ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n fi ààyè sílẹ̀.”

“Wọn ò bi mí,” ni ẹ̀gbọ́n mi fèsì.

Máfiṣòfò yíjú sí mi. “Bi ẹ̀gbọ́n ẹ pé ṣé ó mọ̀ nígbà tó ń rán an?”

Mo ní kó bi í fúnra rẹ̀, pé èmi ò jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn mọ́ láyé mi. Máfiṣòfò ń ká téèpù rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń wo ògiri. Ọmọ wọn dúró sáàárín wọn, aṣọ náà lanu sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ẹnu wọn bóyá ó máa là. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó bọ́ aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wọ ẹ̀wù tó wọ̀ wá. Ó sọ fún ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kí gbogbo wa lè gbọ́, pé ohun tó bá ń dùn ún kó sọ ọ́ sójú òun kí ilẹ̀ tó ṣú, kó pariwo bó bá fẹ́, bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó sọ báyìí. Ọkùnrin náà lóun á ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá sọdá títì, wọ́n lọ ra aṣọ ìyàwó tí wọ́n ti rán sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Máfiṣòfò àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n fi ààyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín. Èmi ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Mo dúró sẹ́yìn. Obìnrin kan bi ọmọ wọn pé ṣé àwọn òbí rẹ̀ ló rán aṣọ tó wọ̀. Ó ní rárá, òun rà á ni. Àwọn méjèèjì gbọ́. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ya fọ́tò, ìyàwó àti ọkọ sì jáde lọ síbi mọ́tò.

Máfiṣòfò wo ẹ̀yìn aṣọ ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà sì mú kí ojú rírán inú rẹ̀ hàn. Ó wo ààyè òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún wò mí, mo gbójú kúrò. Ló bá sún díẹ̀ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, kò wò ó lójú, ó ní, “Wọ́n fi ìka méjì sílẹ̀ lójú rírán aṣọ yẹn.”

“Mo rí i,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ọdún gbọọrọ nìyẹn. Mo bojú wo ìta kí n lè pe ọmọ wọn wá gbọ́, àmọ́ mọ́tò wọn ti lọ.