Bí Mo Ṣe Gbé Ìròyìn Ayọ̀ Wọ Aswani

Àtìgbà tí ìjì ti jà lójú òkun ni rédíò ọkọ̀ apẹja tí àbúrò mi ọkùnrin ń bá ṣiṣẹ́ ti dákẹ́. A ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ìyá wa ò sùn, èmi náà ò sùn, àmọ́ èmi ṣì ní ohun tí mo lè máa wò.

Iṣẹ́ mi ní Àjàó Estate nìyẹn. Wọ́n to àwọn ẹ̀rọ tó ń lo òòfà sí ìsàlẹ̀ òkun, èmi sì ń wo ohun tí wọ́n ń rí lórí kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ onírin tó bá gba orí wọn kọjá, bó paná, bó pa rédíò, wọ́n á mọ̀ ọ́n lára, torí irin ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tiẹ̀. Mo mọ àmì ọkọ̀ àbúrò mi bí ẹni mọ ìró ẹsẹ̀ ará ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i! Ẹ̀rọ kan mọ̀ ọ́n lára, èyí tó tẹ̀ lé e náà mọ̀ ọ́n, ó ń rọra bọ̀ wálé. Ó tiẹ̀ yà fún ibi tí omi ò ti jìn. Ọkọ̀ tí kò sẹ́ni nídìí rẹ̀ kì í yà fún nǹkan kan. Mo fò sókè, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín.

Fóònù ìyá wa ò lọ. Mo ní kí n lọ bá a ní ọjà Aswani níbi tó ti ń ta aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, mo ní ayọ̀ òjijì lè dá a wó. Mo bá yà mú ẹ̀gbọ́n bàbá wa àti pásítọ̀ ìjọ wa dání. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà!

Ìyá wa rí wa lọ́ọ̀ọ́kán: àgbà ẹbí, pásítọ̀ pẹ̀lú Bíbélì, àti èmi tó yẹ kí n wà níbi iṣẹ́. Báwo la ṣe ń túfọ̀ ọmọ fún ìyá nílẹ̀ wa, tí kì í ṣe báyẹn?

"Ẹ má sọ ọ́," ó ní. "Ẹ má sọ ọ́ o!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ káwọ́ lérí.

Mo pariwo, "Màámi, ó ń bọ̀! A ti rí ọkọ̀ wọn!"

"Ọkọ̀ lẹ rí. Ọmọ mi ńkọ́?"

Mo ní ẹnìkan ló ń tu ọkọ̀ yẹn, kò gbọ́. Pásítọ̀ ní ká gbàdúrà, ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá.

A ṣì ń bẹ̀ ẹ́ nígbà tí fóònù mi dún. Àbúrò mi ni! Wọ́n ti dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Mo fi fóònù sí ìyá wa létí.

"Màámi, omi ló wọ àwọn ẹ̀rọ wa."

"Máa sọ̀rọ̀," ó ní. "Ṣáà máa sọ̀rọ̀."

Ìyẹn ń rojọ́ ìjì àti gàrí tó tutù, títí fóònù fi já. Ara tù mí. Ìyá wa nu ojú, ó bọ́ sálúbàtà, ó fi gbá mi léjìká.

"Lọ́jọ́ mìíràn tó bá jẹ́ ire lo gbé bọ̀, ìwọ nìkan ni kó o wá. Kó o sì máa sáré."